Mísítà Láíkìn àti Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Síkírù Onífìlà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Síkírù Onífìlà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wulẹ̀ yọjú wo ilẹ̀kùn. Ẹ ṣáà tẹ́tí. Tí maṣíìnì bá ń lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tó dákẹ́ lójijì, tí ẹ wá gbọ́ háráhárá bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò, tí maṣíìnì sì tún gbéra, bàbá wà níbẹ̀ nìyẹn. Háráhárá yẹn, rúlà ni! Rúlà onígi tí àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń fa ìlà sórí aṣọ, òun ló fi ń họ ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ní ojúgun, láti ìsàlẹ̀ orúnkún títí dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, awọ ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ, ó ki, ó sì ṣe ṣákaṣàka bí èèpo igi mángòrò. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti wà bẹ́ẹ̀, tó ń yún un tọ̀sán-tòru. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ, dókítà kan sọ pé kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kò lè ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í tètè lọ. Ó wá pe orúkọ òyìnbó gbọọrọ kan tó jẹ́ pé "láíkìn" nìkan ni Hàwáwù, ìyàwó Síkírù, rí gbé délé nínú rẹ̀.

"Láíkìn," ni Hàwáwù wí, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Orúkọ yìí mà jọ ti òyìnbó tó ń gbé Ìkòyí."

Láti ọjọ́ náà ló ti di Mísítà Láíkìn. Tí Síkírù bá ń họ ẹsẹ̀ láàárọ̀ kùtù, àwọn ará ilé á ní Mísítà Láíkìn ti jí. Tó bá ń họ ọ́ nídìí oúnjẹ, Hàwáwù á ní, "Ẹ sọ fún Mísítà Láíkìn kó jẹ́ ká jẹun o." Àní ọmọ wọn, Mọ̀núrù, tó ń gbé Ìbàdàn, bó bá pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, á béèrè pé, "Ayálégbé yín ńkọ́?" Ìpara ilé ìwòsàn, Síkírù lò ó títí ó fi sú u. Òrí ló kù. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí Hàwáwù tó gba Èbúté Èrò lọ níbi tó ti ń ta ẹ̀wà, á jókòó sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, á fi òrí pa á, á máa ròyìn ọjà fún un bí ọwọ́ ṣe ń lọ.

Inú agboolé kan lẹ́yìn Adéníji Adélé ni wọ́n bí Síkírù sí, ibẹ̀ náà ló sì wà di ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tó wà yìí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan á fẹ̀yìn ti ògiri bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní fìlà rírán. Gọ̀bì, abetí ajá, ìkòrí, kò sí èyí tí kò lè rán. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìsàlẹ̀ Èkó fi mọ̀ ọ́n gan-an yàtọ̀: kì í na ojú fìlà sí oníbàárà. Bó bá parí rẹ̀, á yí inú rẹ̀ síta, á wá nà án sí wọn bẹ́ẹ̀.

"Inú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò," á wí. "Ojú fìlà lè parọ́. Inú kì í parọ́."

Ẹ wo ọgbọ́n! Ọgbọ́n yẹn náà ló fi rí ìyàwó. Ní ọjọ́ tí Hàwáwù wá gba fìlà bàbá rẹ̀, ọmọge ni nígbà náà, Síkírù na inú fìlà sí i. Àwọn ènìyàn máa ń wò ó fìrí, wọ́n á ní ó dáa. Hàwáwù gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i po, ó ní, "Bọ̀dá télọ̀, okùn kan ń wò mí níbí o." Òótọ́ ni! Okùn kan yọ lórí, kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Síkírù wo okùn, ó wo ọmọge, ọ̀rọ̀ parí. "Ojú tó rí okùn yẹn," ló máa ń wí títí dòní, "kò sí ohun tí mo lè fi pa mọ́ fún un."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ọdún tó kọjá ń lọ sópin, Hàwáwù ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ibì kan wà láàárín gbùngbùn ojúgun náà tí ọwọ́ kì í kàn kí Síkírù má fò bí ẹni tí eèrà ta. Ọwọ́ Hàwáwù débẹ̀. Síkírù jókòó jẹ́jẹ́.

"Bàbá Mọ̀núrù, ẹ ò fò."

"Fò lọ síbo?"

"Mo fọwọ́ kan àárín Mísítà Láíkìn gan-an, ẹ ò mira."

Síkírù fi èékánná kàn án. Ó fi rúlà kàn án. Gbogbo àyíká ń yún un bí àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ dákẹ́ lọ rọ́rọ́.

"Hàwá!" ló kígbe. "Ó ti ń kó ẹrù o! Ó ti kó jáde nínú yàrá kan!"

Ẹ ò bá wo ìdùnnú inú ilé náà! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ènìyàn ń họra, ibì kan wá dákẹ́, ṣé kò ní dúpẹ́ ni? Ní agboolé wọn, ẹni tí Ọlọ́hun bá ṣe lóore, sàráà ló kàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Hàwáwù po àgbàdo, ó din mọ́sà láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun tán, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ọmọdé jẹ, àgbà jẹ, ẹni tó ń kọjá lọ pàápàá jẹ. Àfáà Gàníyù ló ṣe àdúà. Òun àti Síkírù jọ jókòó sórí ẹní kan ní ilé kéú, wàláà kan náà ni wọ́n jọ ń kọ, wọ́n sì jọ jẹ pàṣán kan náà, nítorí náà àdúà rẹ̀ máa ń ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ọlọ́hun Ọba tó lé ayálégbé yìí nínú yàrá kan, lé e nínú yàrá tó kù!"

"Àámín!" gbogbo ilé dáhùn, ẹ̀rín gba ẹnu pẹ̀lú mọ́sà.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn sàráà, ojú ibi tó dákẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ojú télọ̀ ni Síkírù fi wò ó. Ó ní kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Kí ààwẹ̀ tó parí, ó ti di bọ́tìnnì kóòtù. Ó le, etí rẹ̀ ga yíká, àárín rẹ̀ jìn sínú, kò yún, ṣùgbọ́n ó máa ń ta á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí abẹ́rẹ́ tó gbóná. Kí ni Síkírù ṣe? Ó ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó wá sọ fún Hàwáwù pé, "Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Èmi náà á máa fi òrí pa á fúnra mi." Hàwáwù rò pé ìkẹ́ ni, ó sì ní ẹ ṣeun.

Ìwà ara rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan ní Èbúté Èrò bẹ Hàwáwù kó bá òun mú fìlà funfun tí òun fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó wá. Síkírù parí fìlà, ó yí inú rẹ̀ síta bó ti máa ń ṣe, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀ láìwò ó. Hàwáwù ló wò ó. Nínú aṣọ funfun náà, ẹ̀jẹ̀ kán síbẹ̀, ẹ̀kán kan ṣoṣo, tó ti gbẹ di pupa rúsúrúsú.

"Kí lèyí, Bàbá Mọ̀núrù?"

"Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́."

"Ẹ na ọwọ́ yín."

Síkírù nawọ́. Hàwáwù yẹ ìka kọ̀ọ̀kan wò bó ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìka mẹ́wàá rèé, kò sí ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá na ẹsẹ̀."

Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Hàwáwù rí kókó náà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ díẹ̀ létí rẹ̀; ibẹ̀ ni ọwọ́ Síkírù ti kó o dé ara fìlà. Ó fi ẹ̀yìn ìka kan etí kókó náà. Ibẹ̀ le bí ìdí ṣíbí.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ló béèrè.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ilé ìwòsàn là ń lọ lọ́la."

"Kí n lọ sọ pé kí ni?" Síkírù fa ìbọ̀sẹ̀ sókè. "Gbogbo agboolé ló jẹ mọ́sà, Hàwá. A ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lójú gbogbo ayé. Ṣé ká wá padà lọ gba ọpẹ́ wa ni?"

Hàwáwù ń wò ó. Síkírù sọ ohùn kalẹ̀.

"Wọ́n á gé e," ló wí. "Ẹsẹ̀ yìí ló ń tẹ maṣíìnì. Bí wọ́n bá gé e, kí ló kù nínú Síkírù Onífìlà? Á ku Síkírù lásán."

Hàwáwù ò bá a jà. Ó ká fìlà ẹlẹ́jẹ̀ náà sínú ìborùn, ó gba ilé Àfáà Gàníyù lọ. Lẹ́yìn ìrun àsárì, Gàníyù tiro wọlé sí ṣọ́ọ̀bù lórí ọgbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ tí kì í jiná, ó fi ìdí ti ìrépé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó.

"Síkírù, wọ́n ní o fẹ́ fi mọ́sà tí mo jẹ para rẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Wò mí. Mélòó ni mo jẹ lọ́jọ́ náà?"

"Ìwọ? Ta ló rí i kà?"

"Wàláhì, mẹ́rìnlá ni. Ṣé o rò pé Ọlọ́hun máa ní kí n bì í padà nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀? Sàráà kì í ṣòfò, ọ̀rẹ́ mi. Ó lè jẹ́ àdúà ìrìn-àjò ni, àwa la pè é ní ti ìdúpẹ́."

Síkírù rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò gbójú sókè. Gàníyù na ọwọ́ mú fìlà kan lórí tábìlì, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ó lé ní ogójì ọdún tó o ti ń fi inú fìlà han gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. O ní inú kì í parọ́. Ẹsẹ̀ tìrẹ wá wà nínú ìbọ̀sẹ̀."

"Gàníyù, tí wọ́n bá ní àwọn máa gé e ńkọ́?"

"Ìwọ télọ̀, ṣé o máa ń gé aṣọ kó o tó wọ̀n ọ́n? Jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná!"

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Dókítà obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ara ló gbà wọ́n, Dókítà Yéwándé lorúkọ rẹ̀, ó kéré sí Mọ̀núrù lọ́jọ́ orí. Ó fọwọ́ tẹ yí kókó náà ká, ó tẹ abẹ́ itan Síkírù bóyá kókó mìíràn wà níbẹ̀. Kò sí.

"Bàbá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Síkírù wo Hàwáwù. Hàwáwù wo òrùlé.

"Bí ìgbà tá a ṣe sàráà rẹ̀ ni," ni Síkírù wí níkẹyìn.

"Sàráà kí ni, sà?"

Wọ́n sọ ọ́ fún un. Ojú ti Síkírù débi pé ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Dókítà Yéwándé ò fi í ṣẹ̀sín rárá. "Bàbá, ẹni tó bá ti ń họra láti ọjọ́ yìí wá, tí ibì kan bá dákẹ́, ta ni kò ní dúpẹ́? Ó ti mọ́ yín lára jù ni. Ẹni tá a bá ń rí lójoojúmọ́, a kì í tètè mọ̀gbà tí ojú rẹ̀ yí padà."

Ó gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn! Maṣíìnì ò dákẹ́. Síkírù rán gbogbo fìlà tí wọ́n gbé wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá, bí ẹni fẹ́ lo ẹsẹ̀ náà tán kí wọ́n tó gbà á. Fìlà kún àga, ó kún fèrèsé.

"Orí àwọn wo lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí dé?" ni Hàwáwù bi í.

"Orí á wá," ló dáhùn, ó ń tẹ maṣíìnì lọ.

Nígbà tí wọ́n padà, Dókítà Yéwándé ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, Màmá, jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ awọ ara."

Hàwáwù pe kálímà sẹ́nu. Síkírù di etí àga mú.

"Gbogbo Mísítà Láíkìn ló ti di jẹjẹrẹ?"

"Ta ni Mísítà Láíkìn, sà?"

Nígbà tó yé dókítà, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè ṣojú le mọ́. Ó ní rárá, ojú ibẹ̀ nìkan ni. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ kedere. Awọ tó ń wú, tó ń yún, tí wọ́n ń họ, tó tún ń jiná, lójoojúmọ́ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ṣi àtúnṣe náà ṣe lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Síkírù mi orí. "Ó yé mi. Ojú ibi téèyàn bá ń tú, tó ń rán, tó tún ń tú, aṣọ á gbó lójú ibẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́, Dókítà? Ẹ máa gé e?"

Dókítà Yéwándé ránṣẹ́ pe dókítà oníṣẹ́ abẹ, Dókítà Ubaydullah, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo fọ́tò egungun, ó ní kókó náà ò tíì kan egungun. Kókó ni òun máa gé, òun ò ní gé ẹsẹ̀.

Ẹ̀mí Síkírù sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì sọ sí i lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa fi àlàwánsì sílẹ̀?"

"Àlàwánsì bíi ti báwo, sà?"

"Télọ̀ kì í gé aṣọ lórí ìlà gan-an. Á fi díẹ̀ lé e kó tó gé."

Dókítà Ubaydullah fa bírò yọ. Ó ya ìlà kan yí kókó náà ká lára ẹsẹ̀ Síkírù, ó tún ya òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ìlà inú ni kókó," ló wí. "Ìlà ìta ni mo máa gé. Lẹ́yìn náà, màá bó awọ fẹ́lẹ́ láti itan yín, màá fi ṣe àbùlẹ̀ síbẹ̀."

Síkírù tẹ̀ síwájú, ó wo ìlà méjèèjì dáadáa. "Ẹ̀yin náà kọ́ṣẹ́," ló wí. "Láti itan? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan náà ni, àwọ̀ á bára mu."

Iṣẹ́ abẹ náà lọ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà wà. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Síkírù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ń wo àwọn tó ń kọjá bíi pé orí wọn nìkan ló ń kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Hàwáwù ti ọjà dé, ó gbọ́ maṣíìnì. Kẹ̀, kẹ̀kẹ̀, ó dúró. Kẹ̀kẹ̀, ó tún dúró. Ó sáré wọlé. Ẹsẹ̀ òsì ni bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́!

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ òsì," ni Síkírù wí, kí Hàwáwù tó lanu.

Hàwáwù gba fìlà náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Ojú rírán náà wọ́ gba ọ̀tún, ó wọ́ gba òsì.

"Ta ni ẹ fẹ́ tà á fún, Bàbá Mọ̀núrù? Ejò?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Síkírù fi di itan tí wọ́n ti bó awọ mú. Hàwáwù ò jẹ́ kó tú fìlà náà. Ó fi dé orí fúláàsìkì omi gbígbóná, ibẹ̀ ló wà di bá a ti ń sọ yìí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, àbùlẹ̀ náà ti mú. Dókítà Yéwándé mú èsì jáde, ó ní wọ́n yẹ etí ohun tí wọ́n gé wò yípo, gbogbo etí rẹ̀ ló mọ́. Síkírù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àmọ́ kò parí síbẹ̀: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kó máa wá fi ẹsẹ̀ hàn, ìpara tuntun ni kó máa lò, kò sì gbọ́dọ̀ fi rúlà kan ara mọ́ láéláé. Ibikíbi tó bá ga ju àwọn yòókù lọ, tó le, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó kọ̀ tí kò jiná, kó má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Síkírù jókòó sídìí maṣíìnì. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ibi ìtẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó ń lọ! Hàwáwù tó yẹ kó ti dé Èbúté Èrò ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni ń tún ìborùn rẹ̀ so.

Lójijì, maṣíìnì dákẹ́.

"Kí ló dé?" Hàwáwù ti wọlé. "Ó ń dùn yín? Ó ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Síkírù ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ àbùlẹ̀, níbi tí awọ àtijọ́ ṣì wà. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí rúlà, ó dá a dúró síbẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀.

"Hàwá," ló wí, "ó ń yún mi."

"Kí ni?"

"Ó ń yún mi bó ṣe máa ń yún mi! Mísítà Láíkìn wà nílé!"

Hàwáwù jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó fa ìpara yọ nínú báàgì. Ó fi pa gbogbo ibẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a létí-létí. Gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn, Síkírù ń fò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, òórùn mọ́sà tún gba àdúgbò. Àwọn ará ilé ń béèrè pé oore wo ló tún dé, Síkírù sì ń sọ fún wọn láìtijú pé nítorí pé ó ń yún òun ni. Àfáà Gàníyù ti na ọwọ́ sí àwo kí àdúà tó dé. Síkírù fi rúlà dí i lọ́wọ́. Ìlò tí rúlà náà wà fún báyìí nìyẹn.

"Fi ẹsẹ̀ rẹ hàn ná."

"Èmi Àfáà?"

"Ọgbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ yẹn, tó ti wà níbẹ̀ látọdún mélòó kan. Yí inú síta, ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn náà o lè jẹ mẹ́rìnlá."

Gàníyù wo mọ́sà, ó wo Hàwáwù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ojú tó rí okùn lọ́jọ́sí. Ó kánjú bọ́ bàtà.